Oògùn aràn wo ni kí n fún ewúrẹ́ tó ṣeé ṣe kó ti lóyún?

Ẹ̀yin onímọ̀ ìlera ẹran, ẹ kú iṣẹ́. Láti ìgbà tí òjò ti le ní Kétu níbí ni inú ìpéǹpéjú àwọn abo ewúrẹ́ mi kan ti funfun bí ẹfun, tí abẹ́ àgbọ̀n wọn sì wú, èyí tó mú kí n fura sí Haemonchus, aràn tó ń mu ẹ̀jẹ̀ nínú ikùn ẹran. Mo lo oògùn aràn levamisole ní ìwọ̀n àgùntàn tí wọ́n kọ sára ìgò. Ara wọn yá díẹ̀, àìsàn náà tún padà. Albendazole, oògùn aràn mìíràn, ló kù nílé, ṣùgbọ́n ó lè ba ọmọ inú jẹ́ ní oṣù àkọ́kọ́ oyún, òbúkọ sì wà láàárín wọn, n kò mọ èyí tó ti lóyún. Ṣé kí n ya òbúkọ sọ́tọ̀ fún oṣù kan kí n tó lò ó, àbí kí n tún levamisole fún wọn báyìí, mílígíráàmù mélòó sì ni fún kílò ewúrẹ́ kan?