Èsì: "àjẹmọ́nú ọjọ́ ogbó" kọ́ ni owó ìfẹ̀yìntì

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín láti Abẹ́òkúta.

Mo ka ohun tí ẹ̀gbọ́n wa láti Ìjẹ̀bú-Òde kọ. Wọ́n ní àwọn ń kọ àpilẹ̀kọ lórí bí oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ṣe ń yẹ ètò pẹ́ńṣọ̀n wọn wò, tí wọ́n sì ń tún un ṣe. Wọ́n ní "owó ìfẹ̀yìntì" ti gbó, wọ́n wá dá ọ̀rọ̀ méjì sílẹ̀: "àjẹmọ́nú ọjọ́ ogbó" fún pẹ́ńṣọ̀n fúnra rẹ̀, "àjẹmọ́nú àdájọ" fún èyí tí òṣìṣẹ́ ń dá owó sí. Àwọn kan ti ń kan sáárá sí wọn. Ẹ̀gbọ́n jù mí lọ, mo dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ò lè gbà á.

"Mọ́" ni ìjà mi. "Mọ́" tó wà nínú àjẹmọ́nú ni "mọ́" tó wà nínú "so mọ́", "lẹ̀ mọ́", "kà mọ́". Bó ti wù kí ẹ lò ó, nǹkan kan gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ kí ẹ tó mú òmíràn mọ́ ọn. Owó oṣù ló wà nílẹ̀, owó ọkọ̀ àti owó ilé la mú mọ́ ọn. Àjẹmọ́nú nìyẹn, ó sì bá a mu. Ẹni tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ńkọ́? Owó oṣù wo ló kù nílẹ̀ tí a fẹ́ mú pẹ́ńṣọ̀n mọ́?

Bàbá mi fi ọdún 35 ṣe olùkọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìntì, wọ́n ní àga onígi kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Ìtòkò. Wọ́n á gbé e súnmọ́ ògiri, wọ́n á fẹ̀yìn tì í, fáìlì ìwé iṣẹ́ wọn á wà lórí itan. Ibi tí orí wọn máa ń kàn lára ògiri náà dúdú, a kun ọ̀dà sí i lẹ́ẹ̀mejì, kò bò ó tán. Lọ́jọ́ kan mo tẹ̀ lé wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì wò. Akọ̀wé kan tó lè jẹ́ ọmọ-ọmọ wọn ní, "Bàbá, ẹ máa lọ ná, àjẹmọ́nú yín ò tíì jáde." Bàbá mi ṣí fìlà. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, àjẹmọ́nú kọ́. Owó iṣẹ́ mi ni. Mo ti ṣe é tán kí wọ́n tó bí ọ."

Wọn ò kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ mọ́ yẹn ketekete.

Ẹnìkan á ní bàbá mi kò dá kọ́bọ̀ sí i, pé láyé tiwọn, àpò ìjọba ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní ìpín 210, pè é ní ẹ̀tọ́ fún òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa tún un gbé yẹ̀ wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbà tí wọ́n bá ń ṣàtúnṣe owó oṣù, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ta ló ń fi òfin de èènì?

Ẹ wá wo òfin pẹ́ńṣọ̀n ti 2004, èyí tí Ọbásanjọ́, ọmọ Òwu níbí, buwọ́ lù. Látìgbà náà, òṣìṣẹ́ ń dá, agbanisíṣẹ́ náà ń dá. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 2014, ó di ìdá 8 nínú 100 fún òṣìṣẹ́, ìdá 10 fún agbanisíṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n ní ìdá 10 yẹn ni àjẹmọ́nú. Rárá o. Owó iṣẹ́ tí wọn ò tíì san fún un ni. Tó bá sì jẹ́ pé agbanisíṣẹ́ ló ń jẹ́ kó di àjẹmọ́nú, kí ni a óò pe ti obìnrin aláàdìrẹ ní Ìtọ́kú? Láti 2019 ni ìjọba ti ṣí ètò fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ara wọn. Kò lọ́gàá, kò lówó oṣù. Owó tó rí lórí aṣọ tó pa láró ló ń dá pamọ́. Ó ń jẹ ẹ́ mọ́ kí ni?

Ọ̀rọ̀ kejì tí ẹ̀gbọ́n dá sílẹ̀, "àdájọ", náà ò bá tiwa mu. Tí a bá ní a dá owó jọ, owó ti pò pọ̀ nìyẹn, tèmi tìrẹ ò hàn mọ́. Ó bá ètò pẹ́ńṣọ̀n Jámánì ti 1889 mu, níbi tí òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ ti jọ ń dá a, tí ìjọba sì ń fi kún un. Kò bá Chile ti 1981 mu, níbi tí oníkálùkù ti ń fi ìdá 10 nínú owó oṣù rẹ̀ sí àpò tirẹ̀, tí agbanisíṣẹ́ ò dá nǹkan kan. Tiwa súnmọ́ Chile: orúkọ rẹ àti nọ́ńbà rẹ ló wà lára àpò rẹ. Àjọ ni, bí ti ẹni tó ní káàdì lọ́wọ́ alájọ. Àwọn ìyá wa mọ ohun tí alájọ tó sá lọ ti fojú wọn rí. Bóyá nítorí irú rẹ̀ ni òfin yìí fi ya ẹni tó ń ṣètò owó sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. "Àjọ ìfẹ̀yìntì" ni kí ẹ kọ síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ọlọ́jà á gbọ́ ọ láìsí pé ẹ ṣàlàyé.

Àbúrò tó kọ̀wé láti Ọ̀yọ́ ní kí a sọ ọ́ di "owó àfẹ̀yìntì", nítorí pé ì- ni iṣẹ́ náà, à- ni ohun tí iṣẹ́ náà bí, bí àfipamọ́, bí àgbékalẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ògiri bàbá mi ló ń rán mi létí. Ṣùgbọ́n ta ló ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni? Owó ìfẹ̀yìntì ò ṣẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún kọ "ajẹmọ́nú" lẹ́ẹ̀mejì láìfi àmì ohùn ìsàlẹ̀ sórí a. Ajẹ- bẹ́ẹ̀ yẹn, ẹni tó ń jẹ ẹ́ ni, bí apẹja, bí akọrin. Ẹ ní ọgbọ̀n ọdún lẹ ti ń kọ́ni ní Yorùbá, mo gbọ́, ṣùgbọ́n àmì yẹn ò sí níbẹ̀.

Ìyá àgbà mi ní Ìjemọ̀ kì í sọ èyíkéyìí nínú gbogbo èyí. "Owó ìsinmi" ni wọ́n ń pè é. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá àwa Ẹ̀gbá nìkan la ní in, tàbí wọ́n ń sọ ọ́ níbòmíràn. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà, kó sọ ìlú tó ti gbọ́ ọ.