Ìjíhìn ìkádìí ni mo fara mọ́

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín láti Ẹ̀pẹ́ o. Mo ti ka ohun tí ẹ kọ lórí orúkọ tó yẹ kí a fún "closeout", ìyẹn gbogbo iṣẹ́ tó kù lọ́rùn yunifásítì nígbà tí àsìkò owó ìwádìí (gíráǹtì) tí àjọ kan fún un bá ti pé. Bàbá wa ní Ìkòròdú ní ìparí ni kí a máa pè é. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin láti Àgbádárìgì ní ìtìpa ni. Ẹnì kẹta mú ìpalẹ̀mọ́ wá. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, àmọ́ ọkàn mi kò gba ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, torí èmi ni mo máa ń ṣe ògbifọ̀ láàárín àwọn olùwádìí àti àwọn apẹja níbí, owó àwọn ènìyàn wọ̀nyí ló sì wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ tí a bá mú.

Bí ìjọba Amẹ́ríkà bá fún ilé-ẹ̀kọ́ kan lówó ìwádìí, ọjọ́ tí àsìkò iṣẹ́ yóò pé ti wà nínú ìwé àdéhùn. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, 120 ọjọ́ ni ìlànà wọn fún ẹni tó gbowó láti fi ìròyìn ìkẹyìn sílẹ̀, ti iṣẹ́ àti ti owó, títí kan irinṣẹ́ tí wọ́n fi owó náà rà. Títí di ọdún 2020, 90 ọjọ́ ni ìlànà gbogbogbòò wọn fún un. Ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n bù fún nínú owó náà, bó ṣe sábà máa ń rí fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ti wa, 90 ọjọ́ ló ní, kí ẹni tó bù ú fún un lè rí àyè kó tirẹ̀ jọ. Èyí tó bá ṣẹ́kù nínú owó, wọn á dá a padà. Rìsíìtì àti ìwé owó gbogbo, wọn á tọ́jú wọn fún ọdún 3, ó kéré tán, láti ọjọ́ tí ìròyìn owó ìkẹyìn ti kúrò lọ́wọ́ wọn.

Ẹ wá wo ìparí. Ọjọ́ tí àsìkò pé ni iṣẹ́ parí, àmọ́ ìgbà yẹn gan-an ni ohun tí à ń wá orúkọ fún yìí ń gbóná. Bí a bá pe méjèèjì ní orúkọ kan náà, ẹni tí kò mọ ìwé ni yóò fara gbá a.

Mo rí i pẹ̀lú ojú mi. Àwọn kan wá ṣe ìwádìí lórí ẹja yíyan lẹ́bàá ọ̀sà wa. Nígbà tí àsìkò pé, wọ́n rán ẹnì kan wá sí ọjà Olúwò, ó ní, "Ẹ̀yin ìyá wa, gíráǹtì ti parí o." Àwọn ìyá ní ẹ ṣeun, Ọlọ́run á pèsè òmíràn. Ọkùnrin kan tó máa ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé àwọn olùwádìí náà kiri wà níbẹ̀. Ìwé kan wà lápò rẹ̀, èyí tó já nínú ìwé iṣẹ́ ọmọ rẹ̀: ọjọ́ tó gbé wọn wà lórí rẹ̀, ibi tí wọ́n lọ, iye lítà bẹntiróòlù tó jó, ọ̀kan nínú wọn sì ti fọwọ́ sí i nísàlẹ̀. Wọn ò tíì san án. Bó ti gbọ́ pé gíráǹtì ti parí, ó ká ìwé rẹ̀ padà sápò, ó ní owó òun ti wọmi.

Owó rẹ̀ kò wọmi rárá. Ọjọ́ tó wà lórí ìwé yẹn ṣáájú ọjọ́ tí àsìkò pé. Gbèsè tí iṣẹ́ bá jẹ nígbà tí àsìkò ṣì wà, ìlànà gbà kí wọ́n san án láàárín àwọn ọjọ́ tí mo kà lókè yìí. Ohun tí kò gbà ni pé kí wọ́n tún lọ jẹ gbèsè tuntun nítorí iṣẹ́ ìwádìí náà. Agbọ̀n tí ẹnì kan lọ rà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kódà bó jẹ́ ẹja ìwádìí ló fẹ́ kó sínú rẹ̀, kò ṣeé kọ mọ́ owó náà lọ́rùn mọ́. Jíjẹ gbèsè ní ọjọ́ tirẹ̀, sísan gbèsè ní ọjọ́ tirẹ̀, "ti parí" sì pa méjèèjì pọ̀. Mo ní kí ọkùnrin náà gbé ìwé rẹ̀ lọ bá àwọn tó ń ṣírò owó lọ́hùn-ún, wọ́n sì san án fún un. Bí mi ò bá sí lọ́jà lọ́jọ́ náà ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó ṣọ́ ẹ̀tọ́ ènìyàn kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí yóò máa lé e padà sílé.

Ní ti ìtìpa, bí ará Èkó bá gbọ́ pé wọ́n ti ibì kan pa, àgádágodo ìjọba àti ọ̀dà pupa lára ògiri ló ń rí. Ẹni tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, aráyé gbà pé ó ti ṣẹ̀. Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ olùwádìí tó ṣiṣẹ́ rẹ̀ pé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìtìpa pamọ́ ná, mo ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Ìpalẹ̀mọ́ ló fà mí mọ́ra jù. Ó ní ìwà ọmọlúwàbí nínú: kí a tó kúrò níbì kan, a ó palẹ̀ ibẹ̀ mọ́, a ó dá ohun olóhun padà. Ṣùgbọ́n àwọn oníròyìn ti gbà á lọ́wọ́ wa. Ìpalẹ̀mọ́ ìdìbò, ìpalẹ̀mọ́ ọdún, ohun tó ń bọ̀ níwájú ni wọ́n ń fi í pè. Bí mo bá kọ ọ́ pé ìpalẹ̀mọ́ Káyókáyó ń lọ lọ́wọ́ ní Ẹ̀pẹ́, ta ni yóò rò pé ọdún náà ti kọjá? Èyí tí mo lè gbà ni pé kí a fi ìpalẹ̀mọ́ sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ irinṣẹ́ nìkan. Ìyẹn náà lófin: láti oṣù kẹwàá ọdún 2024, irinṣẹ́ tí iye rẹ̀ lọ́jà lónìí kò bá ju 10,000 dọ́là lọ, ilé-ẹ̀kọ́ lè mú un láìsan nǹkan kan padà. 5,000 dọ́là ni tẹ́lẹ̀. Fìrísà ọjà kò sún mọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì, àmọ́ ó dára kí ibi tó wà àti ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ wà lákọsílẹ̀.

Èmi ní tèmi, ìjíhìn ìkádìí ni mo mú wá. Ẹni tí a rán níṣẹ́, nǹkan méjì ló wà lọ́rùn rẹ̀: yóò jẹ́ iṣẹ́, yóò sì padà wá jẹ́ ìhìn. Jẹ́ ìhìn ló di jíhìn. (Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ń kọ ọ́ ní jíyìn, mi ò sì bá wọn jà, àmọ́ ìhìn tó wà nínú ìhìnrere ló wà níbẹ̀, ìyìn sì ń jẹ́ nǹkan mìíràn.) Ìwádìí ni iṣẹ́ tí olówó rán yunifásítì. Ìhìn ni ohun tó ń retí láàárín 120 ọjọ́ yẹn: kí lo rí, báwo lo ṣe ná owó mi, kí ló kù, ibo lo kó ẹrù sí?

Ìjíhìn nìkan kò tó, torí ọdọọdún ni àwọn olùwádìí ń jíhìn bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi so ìkádìí mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ tí gbogbo ọmọ tó ti kọ àròkọ nílé-ẹ̀kọ́ mọ̀. Ó sì gba ẹnu nígbà tí a bá fẹ́ lò ó bí ọ̀rọ̀-ìṣe: a ti jíhìn kádìí owó náà, wọn ò tíì jíhìn kádìí tiwọn.

Mo ti gbé e dé ọjà. Mo ní, "Ẹ̀yin ìyá wa, iṣẹ́ ti parí, ìjíhìn ìkádìí ló kù. Ẹni tí wọ́n bá jẹ lówó kí àsìkò tó pé, kó mú ìwé rẹ̀ wá." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú àpò. Ìyá àgbà kan tó ń to ẹja àrọ̀ sórí ààrò kò tilẹ̀ bójú wẹ̀yìn, ó ní, "Ìhìn yẹn, ṣé a ó gbọ́ nínú rẹ̀? Àwa náà la fi èéfín wa ṣe é." Ìbéèrè yìí kò sí nínú fọ́ọ̀mù owó kankan, ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ló bí i. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Ìparí kò lè bí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìtìpa kò lè bí i.

Ẹnì kan lè ní, bí ilé-ẹ̀kọ́ bá wá kọ̀ tí kò jíhìn ńkọ́? Bí ọdún kan bá kọjá lẹ́yìn ọjọ́ tí àsìkò pé tí ìròyìn kò tíì pé, ìlànà Amẹ́ríkà ní kí àjọ olówó fi ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ pa ìwé náà dé fúnra rẹ̀, kó sì kọ àìṣedéédéé yẹn sórí SAM.gov, ìkànnì ayélujára ìjọba wọn tí àwọn àjọ yòókù ń wò kí wọ́n tó fún ni lówó. Èyí kì í ṣe ìjíhìn. Ibí ni mo ti fara mọ́ ẹ̀gbọ́n wa Àgbádárìgì: ìtìpa ni, àgádágodo àti ọ̀dà pupa rẹ̀ bá a mu wẹ́kú. Kí a mú ọ̀rọ̀ méjèèjì, kí ọ̀kan jẹ́ ti ẹni tó padà wá jẹ́ ìhìn, kí èkejì jẹ́ ti ẹni tí kò wá.

Ó ku ti owó tí ilé-ẹ̀kọ́ kan bù fún òmíràn. Owó àbùfún ni mò ń pè é báyìí. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù ú lọ, kó jọ̀ọ́ kó tètè fi ránṣẹ́, torí mo ń kọ ìwé pélébé kan fún àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi àti àwọn aláàrò, ibẹ̀ sì ni mo dé.