Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o: aràn pẹlẹbẹ ti kún táǹkì omi iyọ̀ mi

OmoPanseke: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Mo ní táǹkì omi iyọ̀ kan nílé ní Pánṣẹ́kẹ́ níbí, lítà 200, kọ́rà (ẹ̀dá inú òkun tó máa ń dúró sójú kan) àtẹja clown méjì ló wà níbẹ̀. Láìpẹ́ yìí àwọn nǹkan pẹlẹbẹ kéékèèké tó pọ́n rúsúrúsú ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí yanrìn àti lára gíláàsì, ìrù wọn là, iná bá ti tàn báyìí wọ́n á tú jáde. Acropora, irú kọ́rà kan tí mo rà l'Ékòó, náà tún ń ṣí lára láti ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò rí nǹkan kan lórí ẹ̀. Ẹnì kan ní kí n ṣáà da oògùn aràn sómi. Èwo ló dáa jù, àbí ẹja ni kí n rà?

EngineerIbara: Jọ̀ọ́ má tíì da nǹkan kan síbẹ̀! Ó jọ pé aràn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lo ní. Èyí tó pọ́n tírù ẹ̀ là yẹn, Convolutriloba retrogemma ni, àwa tá a ń sin kọ́rà ń pè é ní red planaria (àwọn onísáyẹ́ǹsì tiẹ̀ ti yọ ọ́ kúrò lára ojúlówó aràn pẹlẹbẹ, wọ́n ní Acoela ni, ìyẹn ò kan táǹkì ẹ). Ewé omi tójú ò lè rí ló ń gbé nínú ara ẹ̀ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ fún un, ìdí nìyẹn tó fi fẹ́ràn iná. Kì í jẹ kọ́rà o, àmọ́ ó máa ń bí láìní akọ láìní abo, tó bá wá pọ̀ á bo kọ́rà mọ́lẹ̀ pátápátá tí ìmọ́lẹ̀ ò fi ní kàn án mọ́.

Ti Acropora yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Aràn pẹlẹbẹ kejì, Amakusaplana acroporae, ń jẹ ẹran ara kọ́rà fúnra ẹ̀, àwọ̀ ẹ̀ sì bá ti kọ́rà mu débi pé o lè máa wò ó kó o má rí i. Wá ojú eyín róbótó tó ti ṣá, kó o sì yẹ ìdí ẹ̀ níbi tó ti kú wò bóyá wàá rí ẹyin aláwọ̀ ilẹ̀ tó tò pọ̀. Gbé kọ́rà náà sínú abọ́ funfun tí omi táǹkì wà nínú ẹ̀, kó o fi síríǹjì fẹ́ omi sí i lára dáadáa. Tí aràn yẹn bá wà níbẹ̀, á já bọ́.

LafenwaReef: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ra six-line wrasse, ẹja kékeré tó ń jẹ aràn yẹn, kẹ́ ẹ lọ sùn jàre 😂

IyaEja_Obantoko: Sùn kẹ̀! Wrasse míì á jẹ aràn náà, òmíì ò ní wojú ẹ̀ rárá, ó tún máa ń fò jáde tí táǹkì ò bá ní ìdérí. Ìgbín òkun aláwọ̀ búlúù yẹn, Chelidonura varians, ó ń jẹ red planaria lóòótọ́, àmọ́ tóúnjẹ yẹn bá tán ebi á pa á kú. Owó ńlá ni o.

Àbúrò mi OmoPanseke, fà á jáde lákọ̀ọ́kọ́. Jẹ́ kíná tàn kí wọ́n jáde, pa pọ́ǹpù, kó o fi họ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́ máa fà wọ́n sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, tún un ṣe títí tí wọn á fi kù díẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn la ń sọ̀rọ̀ Flatworm eXit, oògùn tó ń pa aràn yẹn. Tí wọ́n bá kú lẹ́ẹ̀kan náà lọ́pọ̀, májèlé ń jáde lára wọn, òun ló sì ń pa ẹja, kì í ṣe oògùn yẹn gan-an. Po omi iyọ̀ tuntun sílẹ̀ ṣáájú, kí ìwọ̀n iyọ̀ ẹ̀ (specific gravity) jẹ́ 1.025, kí carbon tó ń fa májèlé kúrò nínú omi àti pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ ti wà nítòsí. Má sì ṣe é lọ́jọ́ tí NEPA bá ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe, àfi tó o bá ní ínfátà.

EngineerIbara: Ẹ ṣeun Màmá. Ti Acropora ńkọ́, gbé e kúrò nínú táǹkì, gé ìdí tó ti kú sọ nù, kó o rì í sínú Coral RX, oògùn tí wọ́n ń ri kọ́rà sí, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ìgò. Kò sóògùn ìrìsí tó ń pa ẹyin o, torí ẹ̀ lo ṣe máa tún un rì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Acropora nìkan ni aràn yẹn ń jẹ, tí kò bá sí Acropora míì nínú táǹkì ńlá, ebi á pa á kú. Látòní lọ, kọ́rà yòówù tó o bá rà, bó jẹ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ẹ, já a kúrò lórí plug (ìdí kékeré tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́) tó bá a wá, kó sì dá wà nínú táǹkì kékeré fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó kéré tán.

OmoPanseke: Ẹ ṣé gan-an ni. Carbon yẹn, ṣé mi ò lè fi èédú tí wọ́n fi ń sun àgbàdo ṣe é?

IyaEja_Obantoko: Rárá o! Èédú àgbàdo ò lè fa májèlé tó bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe fún táǹkì ẹja ni kó o rà, kó o sì fọ eruku ẹ̀ kúrò kó o tó lò ó.