Ìbọn tí wọ́n ní Oyenusi ló ni, ṣé kí n rà á?

Bàbá Ọ̀nìnì, Kubwa:

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin tèmi, ẹ dákun ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó kówó lé e. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé nǹkan àtijọ́ ni mò ń tà ní Kubwa níbí, ọ̀nìnì oníhò, rédíò Grundig, àpótí Rẹdifúṣọ̀n, fọ́tò àwọn ọba, irú ẹ̀. Tọ́sìdeè tó kọjá, ọkùnrin kan wọlé, Yorùbá ni, ó ní Kàdúná lòun ti ń bọ̀, ó gbé àpò ìrẹsì kékeré kan sórí káńtà, ó tú u, ìbọn ìléwọ́ ló wà nínú ẹ̀. Ó ti dípẹtà débi pé tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án ìka yín á pọ́n, igi ìdí ẹ̀ ti là, wọ́n fi wáyà so ó, ibi tó yẹ kí nọ́ńbà wà, wọ́n ti fi fáìlì ha á dànù. Ó ní ìbọn Oyenusi nìyẹn, ògbójú adigunjalè ayé ọjọ́un, Dókítà Ìṣọ̀lá fúnra ẹ̀, pé ọlọ́pàá ni bàbá òun l'Ékòó, àti pé nígbà tí wọ́n mú un ní 1976 bàbá òun ló já ìbọn gbà lọ́wọ́ ẹ̀. 800,000 ló pè é, mo ná an ní 350,000, ó ní kí n ṣì máa wò ó, òun fẹ́ dé Nyanya. Kò tíì padà.

Kì í kúkú ṣe pé ojúkòkòrò lásán ni. Mo rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ní Amẹ́ríkà wọ́n lu ìbọn Bonnie àti Clyde, obìnrin àti ọkùnrin adigunjalè kan, ní gbàǹjo ní 2012, ti Clyde lọ ní dọ́là 240,000, ti Bonnie 264,000. Ìbọn tí Jack Ruby fi pa Oswald, ẹni tí wọ́n ní ó pa Ààrẹ Kennedy, tó jẹ́ pé dọ́là 62 àti sẹ́ǹtì 50 ló rà á, wọ́n tà á ní 220,000 ní 1991. Tí tàwọn yẹn bá lè pa irú owó yẹn, ti Oyenusi wa ńkọ́? Àmọ́ ìyàwó mi ti ní kò gbọ́dọ̀ wọlé òun, òun ló ṣe wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ sọ fún mi, ṣé owó wà níbẹ̀, ṣé ó tiẹ̀ dáa kéèyàn máa tà á?

Lọ́yà Garki:

Ọ̀gá mi, ẹ fi towó sílẹ̀ ná. Ẹ ní ìbọn wà ní ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ sì wá kọ ọ́ síta báyìí? Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́ o. Òfin ìbọn wa, ti 1959, kó ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn tó jẹ́ èèwọ̀, àfi téèyàn bá gbàṣẹ lọ́dọ̀ Ààrẹ, ó tiẹ̀ dárúkọ ti ayé ọjọ́un tó jẹ́ òkúta ló ń ṣáná sí ẹ̀tù ẹ̀, torí náà ẹ má sọ pé "ó ti gbó, ó ti dípẹtà", kò lè gbà yín sílẹ̀. Òfin kejì, ti ìdigunjalè, ní ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn tí kò níwèé mọ́ lọ́wọ́, 20,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ dín ní ọdún 10, wọ́n sì lè fún un ní méjèèjì. Ẹ wá ro ó wò, ọlọ́pàá bá a lábẹ́ káńtà yín, ẹ ní "ti Oyenusi ni sà", ẹ̀rín ni wọ́n á kọ́kọ́ fi yín rín kí wọ́n tó tì yín mọ́lé.

Nọ́ńbà tí wọ́n ha dànù yẹn ló tiẹ̀ ń bà mí lẹ́rù jù. Ìyẹn kì í ṣe àmì pé nǹkan ti pẹ́, ẹni tó ń fi ṣiṣẹ́ tí kò fẹ́ kí wọ́n mọ ibi tó ti wá ló ń ha nọ́ńbà. Ìbọn yẹn lè ti pa èèyàn lọ́dún tó kọjá níbí. Ẹ má dá gbé e lọ sí tẹ́ṣàn, ẹ má sì sọ ọ́ sí gọ́tà. Ẹ wá lọ́yà, kó kọ̀wé sí DPO, kí wọ́n wá gbé e níbi tó wà gan-an. Láti 2021 ìjọba ti dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ nítorí irú ìbọn kéékèèké báyìí, Abuja níbí ni wọ́n wà, bíbà jẹ́ ni wọ́n ń ba ọ̀pọ̀ ẹ̀ jẹ́.

Bàbá Sábó Kano:

Ọmọ mi, ta ni wọ́n mú ní 1976? Ọjọ́ 8 September 1971 ni wọ́n yìnbọn pa Oyenusi ní Bar Beach, òun àtàwọn mẹ́fà. Òkú wo ni bàbá ẹ̀ wá já ìbọn gbà lọ́wọ́ ẹ̀ lẹ́yìn ọdún márùn-ún? Ìwé ló ń mówó wá nídìí irú ọjà yìí, kì í ṣe irin. Ìbọn Ruby tó o dárúkọ yẹn, orí tẹlifíṣọ̀n ni gbogbo ayé ti rí i tó yìn ín. Èyí tó wà lọ́dọ̀ tìẹ yìí, ẹnu ọkùnrin kan tó lọ sí Nyanya nìkan ni ìwé ẹ̀.

Àmọ́ 1976 tó fẹnu ba yẹn mú mi rántí nǹkan mìíràn. Ọdún yẹn ni wọ́n pa Murtala wa, ọmọ Kano níbí, ọjọ́ 13 February. Mọ́tò ẹ̀ wà ní mùsíọ́ọ̀mù Onikan, Mẹ̀sí dúdú, mo ti dúró níwájú ẹ̀ rí, ihò ọta ṣì wà lára ẹ̀, àwọn ọmọ iléèwé tá a jọ wà níbẹ̀ ń pariwo tẹ́lẹ̀ àmọ́ bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀ gbogbo wọn dákẹ́. Ẹnikẹ́ni ò béèrè pé ìbọn Dimka, ṣọ́jà tó ṣáájú àwọn tó pa á, dà. Mọ́tò ẹni tó kú ni wọ́n fi hàn wá, ó sì tó.

Mi ò ní kí wọ́n máa sọ gbogbo ìbọn nù o. Èyí tí wọ́n fi pa Lincoln, Ààrẹ Amẹ́ríkà, ní 1865 wà nínú mùsíọ́ọ̀mù ní ilé tíátà tí wọ́n ti yìn ín gan-an, ní Washington. Èyí tí wọ́n fi pa ọmọ ọba Austria ní Sarajevo ní 1914, tí ogun àgbáyé fi bẹ́ sílẹ̀, àwọn fádà Jesuit ló tọ́jú ẹ̀ títí di 2004 kí wọ́n tó gbé e fún mùsíọ́ọ̀mù ní Vienna. Àádọ́rùn-ún ọdún! Wọn ò tà á.

Ọmọ Jos:

Bàbá, ẹ kú ìmọ̀. Èmi gbà pé títà á náà ò burú ní gbogbo ìgbà, ibi tówó ń lọ ni. Ẹrù Unabomber, ọkùnrin tó ń fi bọ́ǹbù ránṣẹ́ sáwọn èèyàn, kóòtù ló ní kí wọ́n tà á ní 2011, owó ẹ̀ tó lé ní 230,000 dọ́là lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ṣe léṣe àtàwọn ẹbí. Ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn. Àmọ́ eBay, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti fòfin de títa ẹrù àwọn apànìyàn lórí ọjà wọn láti 2001. Ọ̀rọ̀ ìgbà náà tún wà níbẹ̀ ṣá. Ìbọn tí ọlọ́pàá Pat Garrett fi pa Billy the Kid, ọ̀daràn kan l'Amẹ́ríkà, ní 1881, wọ́n tà á ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là ní 2021, ta ló ṣì ń sunkún Billy?

Màmá Tóbi, Lugbe:

Ẹ ò ní bínú sí mi. Àbúrò mi tó kẹ́yìn, ojú ọ̀nà Kàdúná ni wọ́n ti yìnbọn fún un ní 2019, ìsọmọlórúkọ ló ń lọ. Ohun tí wọ́n kó fún wa ni aago ọwọ́ ẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan, àti fóònù tó ti fọ́. Aago yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́, mo ti pààrọ̀ bátìrì ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, inú dúrọ́ọ̀ ni mo tọ́jú ẹ̀ sí, lálẹ́ tíná bá lọ tí fáànù dákẹ́ mo máa ń gbọ́ ọ. Ẹ wá jẹ́ ká ní ní ọgbọ̀n ọdún sí i ẹnì kan gbé ìbọn tí wọ́n fi pa á sórí pẹpẹ, orúkọ ẹni tó yìn ín ni wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ọn o, torí òun ló ń pa owó, orúkọ àbúrò mi ò ní sí níbẹ̀. Nínú gbogbo iye tí ẹ ti ń kà látòkè yìí, mi ò rí orúkọ èèyàn kan tí Oyenusi pa. Àwọn àgbà ní ẹni tó fi idà pani kì í fẹ́ kí wọ́n mú idà gba ìpàkọ́ òun kọjá. Èmi ò fi idà pa ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ mi ò fẹ́ kó gba ìpàkọ́ mi.

Bàbá Ọ̀nìnì, Kubwa:

Ẹ ṣé gan-an. Bàbá Sábó, mo pe ọkùnrin yẹn, mo bi í pé ọdún wo ni bàbá ẹ̀ mú Oyenusi, ó ní 1979, mo já fóònù. Lọ́yà ti bá mi kọ̀wé, ọlọ́pàá méjì wá lánàá, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n gbé e tòun ti àpò ìrẹsì ẹ̀, wọ́n fún mi níwèé pé àwọn ti gbà á. Màmá Tóbi, mo ka tiyín fún ìyàwó mi, ó kàn gba fóònù lọ́wọ́ mi tún un kà.

Ìpẹtà ẹ̀ ṣì wà lórí káńtà, pupa báyìí, mo fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ̀ ọ́ kò lọ, mo ti gbé rédíò Grundig lé e.