Pákó wo la lè fi ṣe nǹkan ìṣeré fún ọmọ tó ń yọ eyín?

Ìyá Àkọ́bí:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ mi ti pé oṣù mẹ́wàá, ó ti ń di nǹkan mú dìde, eyín sì ń yọ lẹ́nu ẹ̀, ohunkóhun tọ́wọ́ ẹ̀ bá ti bà ẹnu ló ń gbé e lọ. Àwọn oníke tí wọ́n ń tà lọ́jà kì í pẹ́ fọ́, ojú ibi tó bá sì fọ́ á wá mú bí abẹ. Káfíńtà àdúgbò wa ní ká wá ṣa àgékù pákó lọ́fẹ̀ẹ́. Mo fẹ́ ṣe òrùka tó lè máa rún lẹ́nu, búlọ́ọ̀kù tó lè máa tò, àti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tọ́mọ fi ń kọ́ ìrìn yẹn. Pákó wo ló dáa, kí la sì máa fi kùn ún? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sọ pé kí n lọ rà á, ó wù mí kí n fọwọ́ ara mi ṣe é.

Bàbá Oníràńdà:
Ẹ kú ọmọ o, Ọlọ́run á wò ó. Ẹ kọ́kọ́ bi káfíńtà yẹn bóyá wọ́n ti fi oògùn ikán kun pákó náà, torí wọ́n máa ń kùn ún sára pákó òrùlé, ìyẹn ò gbọdọ̀ débi ẹnu ọmọ rárá. Plywood náà kọ́, kẹ́míkà wà nínú gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Ẹ fi másóníà sílẹ̀, eruku ẹ̀ ń da àwa tá à ń gé e láàmú, imú ẹlòmíì á ṣẹ̀jẹ̀. Mẹláìnà ni mo fọwọ́ sí fún búlọ́ọ̀kù, ó fúyẹ́, ó mọ́, igi tí ìjọba gbìn rẹpẹtẹ sígbó Ọmọ̀ torí ilé iṣẹ́ bébà Ìwópin nìyẹn. Fún òrùka, ẹ wá ẹ̀ka igi ọsàn tàbí gúáfà, ó le, kì í fọ́n sẹ́nu. Abẹ́ ibòòji ni kẹ́ ẹ ti jẹ́ kó gbẹ, oòrùn á là á.

Sáńpépà gan-an niṣẹ́ wà. Ẹ fi èyí tí wọ́n kọ nọ́ńbà 80 sí lẹ́yìn há a, ẹ fi 120, lẹ́yìn náà ẹ fi àkísà tútù nù ún, ẹ máa rí i tí irun igi á dìde, tó bá gbẹ ẹ wá fi 220 pa á rẹ́. Tẹ́ ò bá fomi nù ún, irun yẹn á dìde lẹ́nu ọmọ.

Ọmọ Ẹlẹ́kọ:
Ẹ fi fáníìṣì kùn ún kó máa dán, àbí ẹ wá ọ̀dà pupa.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì:
Rárá o, ẹ jọ̀ọ́! Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà tí wọ́n ń tà, ọpọlọ ọmọ ló sì ń bà jẹ́, WHO ní kò sí bó ṣe lè kéré tó tí ò léwu. Ẹ rántí Zamfara ní 2010, òjé inú òkúta tí wọ́n ń fọ́ torí wúrà pa ọmọ tó tó 400, ó kéré tán. Ẹ yọ́ ìda oyin sínú àdí àgbọn, ìda kan sí àdí mẹ́ta, ẹ fi pa á, ó tó. Òróró ẹ̀pà kọ́ o, ara àwọn ọmọ kan ò gbà á.

Ohunkóhun tó bá lè kọjá nínú páálí roboto tó wà láàárín tísù, ó kéré jù fọ́mọ tí ò tíì pé ọdún mẹ́ta, ó lè há a lọ́fun. Búlọ́ọ̀kù sẹ̀ǹtímítà 5 ni kẹ́ ẹ ṣe.

Ìyá Àkọ́bí:
Ẹ ṣé gan-an mà. Àwọn kan ní kẹ̀kẹ́ yẹn ò dáa, ṣóòótọ́ ni? Ṣé mo lè fi ìṣó kan ẹsẹ̀ ẹ̀?

Bàbá Ìbejì:
Èyí tí wọ́n ń gbọ́mọ jókòó sáàárín ẹ̀ ni Kánádà fòfin dè ní 2004, èyí tọ́mọ ń tì yàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹ dúró tì í o, ẹ má sì jẹ́ kó débi àtẹ̀gùn. Ìṣó kọ́, ó máa ń yọ bó bá pẹ́, èèkàn igi àti gọ́ọ̀mù funfun ni. Ẹ jẹ́ kẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì jìnnà síra, kẹ́ ẹ di yanrìn sábẹ́ ẹ̀ kó má sáré ju ọmọ lọ. Bílẹ̀ yín bá jẹ́ táísì, ẹ gé tíúùbù ọ̀kadà tó ti bàjẹ́, ẹ fi wé ẹsẹ̀ ẹ̀, kò ní yọ̀.

Bàbá Oníràńdà:
Òótọ́ lẹ sọ. Ìyá wa, ẹ má rẹ ẹ́ sómi, ẹ fi àkísà olọ́ṣẹ nù ún ni. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ibi teyín bá ti họ ọ́, ẹ fi 220 há a kẹ́ ẹ tún fàdí pa á. Èyí tó bá là, ẹ má lẹ̀ ẹ́, ẹ fi dáná.