Òṣùwọ̀n ẹ̀tù oníná tí nọ́ńbà rẹ̀ kì í dúró sójú kan

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ yìí, mo kí yín. Òṣùwọ̀n oníná tí mo fi ń wọn ẹ̀tù ọta ìbọn nílé máa ń fi nọ́ńbà ọ̀tọ̀ hàn bí mo bá gbé àwo kan náà lé e lẹ́ẹ̀mejì, ọkàn mi kò sì balẹ̀ mọ́. Kí ni ó lè fà á?

Ìdáhùn kìíní: Ẹ tàn án sílẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó lò ó, kí inú rẹ̀ lè móoru. Afẹ́fẹ́ fáànù náà máa ń dà á láàmú.

Ìdáhùn kejì: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ tún fi irin tí ẹ mọ ìwúwo rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò léraléra. Gíréènì, ìwọ̀n kékeré tí a fi ń wọn ẹ̀tù, kan kò ju gíráàmù 0.0648 lọ, nítorí náà, òṣùwọ̀n tí kò lè ka ohun tó kéré sí gíráàmù 0.1 kò yẹ fún iṣẹ́ yìí rárá, nítorí ìyẹn ju gíréènì 1.5 lọ, ẹ̀tù tó bá sì pọ̀ jù lè fọ́ ìbọn mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Ní tèmi, mo ṣì ń fi òṣùwọ̀n ọlọ́pọ́n tí kì í lo iná ṣe ìfiwéra.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun púpọ̀. Fáànù wà lókè tábìlì mi lóòótọ́; n ó kọ́kọ́ pa á.