Ẹ̀bùn ìjọba sí ìjọba: kí ló yà á sọ́tọ̀ sí àwìn?

Akẹ́kọ̀ọ́ Àkọkà: Ẹ káàsán, ẹ̀yin àgbà. Marcel Mauss, onímọ̀ àwùjọ ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ ọ́ ní 1925 pé dandan mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀bùn: ká fúnni, ká gbà á, ká san án padà. Ṣé ó rí bẹ́ẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè kan sí èkejì pẹ̀lú?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Ó rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Ẹ kọ́kọ́ wo ìwé àdéhùn. Bí iye àti ọjọ́ ìsanpadà bá wà níbẹ̀, àwìn ni. Bí kò bá sí, ẹ̀bùn ni, àmọ́ gbèsè ṣì wà nílẹ̀. Bí ti òde àríyá Ṣúrùlérè ni: ẹnì kan á jókòó ti ìwé, á máa kọ orúkọ àti iye tí kálukú mú wá. Ẹni tó bá dá owó yẹn padà lọ́jọ́ kejì ti bu olówó kù. Ọjọ́ tí onítọ̀hún bá ṣe tirẹ̀ la ó ṣí ìwé.

Ṣáínà fún Amẹ́ríkà ní panda méjì, ẹranko ilẹ̀ wọn tó dà bíi béárì, ní 1972. Láti 1984, wọ́n sọ ọ́ di yíyá: ó sábà máa ń jẹ́ ọdún mẹ́wàá, owó rẹ̀ sì lè tó mílíọ̀nù kan dọ́là lọ́dún. Ọmọ tí panda náà bá bí, ti Ṣáínà ni.

Ètò Marshall, ìrànwọ́ tí Amẹ́ríkà ṣe fún Yúróòpù lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ló díjú jù. Amẹ́ríkà ná bíi bílíọ̀nù mẹ́tàlá dọ́là láti 1948, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ kì í ṣe àwìn. Ṣùgbọ́n ìjọba tó bá gba ọjà lọ́fẹ̀ẹ́ gbọ́dọ̀ fi iye rẹ̀ ní owó ìlú tirẹ̀ sínú àpò ọ̀tọ̀, kò sì lè ná an bí Amẹ́ríkà kò bá fọwọ́ sí i. Ọwọ́ ẹni tó ń fúnni ló wà lókè lóòótọ́. Soviet kọ ètò náà ní 1947, Poland àti Czechoslovakia náà sì fà sẹ́yìn.

Ìyá Ẹ̀bùtẹ́ Mẹ́ta: Àlàyé yín dára, àmọ́ ẹ fo ìbéèrè tó ṣáájú: ṣé ẹni tí wọ́n ń fún lè kọ̀ ọ́? Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó fi Èkó fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 1861, nígbà tí Prometheus, ọkọ̀ ogun wọn, wà lórí ọ̀sà. Wọ́n wá dá 1,200 àpò owó ẹyọ lọ́dọọdún fún un, dípò owó ibodè tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe ìyẹn ní ẹ̀bùn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àkọkà: Ẹ ṣeun, mà. Bí wọ́n bá fún aṣojú wa lẹ́bùn níbi ayẹyẹ ńkọ́? Ta ló ni ín?

Ìyá Ẹ̀bùtẹ́ Mẹ́ta: Ẹ wo àfikún karùn-ún ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ìpínrọ̀ 6. Iléeṣẹ́ tó ṣojú fún ló ni ín. Ti mọ̀lẹ́bí àti ọ̀rẹ́ nìkan ló lè gbà fún ara rẹ̀, bí àṣà bá ṣe gbà á.